Ariwo Tí Àwa Kò Gbọ́ Mọ́

Àwọn tí wọ́n ń retí kí a sọ̀rọ̀ lórí èlé ẹ̀yáwó nínú ìwé ti oṣù yìí, kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣe sùúrù fún wa, ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ ní oṣù tí ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni a fẹ́ sọ lónìí. Ó kan ọ̀kan nínú wa gidigidi, ó sì kan àwa ìgbìmọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé a ṣẹ̀ ẹ́, a sì fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ pé a ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé tí a ti ka èrè ọdún, ẹ ó rántí. Ìyá kan nínú wa, tí ó ń ta èlò ọbẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀ níbí, mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, dání wá, nítorí kò rí ẹni tí yóò fi í sílẹ̀ fún. Iná ti lọ lọ́jọ́ náà. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ń dún kùùkùù. Máíkì wa, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, ń han gooro bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò. Èrò kún inú ilé. Nígbà tí akápò wá dárúkọ iye tí ó kan olúkúlùkù, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá dá orin, ẹnìkan sì bẹ̀rẹ̀ sí lu bẹ́ǹṣì bí ìlù. Ni ọmọ náà bá fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì lọ, ó figbe ta, ó sì ń fi orí lu ilẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí àwa àgbà ṣe. Ẹnìkan ní, "Ẹ fún un ní ẹgba kan péré, ẹ ó rí i bí yóò ṣe dákẹ́." Òmíràn ní àdúrà ni ọmọ náà ń fẹ́. Ọ̀kan nínú àwa ìgbìmọ̀ sì gbé máíkì, ó ń fi máíkì bẹ ìyá náà pé kí ó gbé ọmọ rẹ̀ jáde kí ìpàdé lè máa lọ. Máíkì kan náà tó ń pa ọmọ lára! Ìyá náà gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Oṣù mẹ́rin ni a kò fi rí i mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń fi owó ìfipamọ́ rẹ̀ rán aládùúgbò. Nígbà tó yá kò fi rán ẹnikẹ́ni mọ́. Ìsọ̀ rẹ̀ sì wà ní títì ju bó ṣe wà ní ṣíṣí lọ.

Nígbà tí a rán èèyàn méjì lọ kí i nílé, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ lé mi. Ojú ló lé mi." Ó ní dókítà ti yẹ ọmọ náà wò, ó sì ti sọ pé ohun tí wọ́n ń pè ní autism ni. A ó máa pè é ní ọ́tísíìmù nínú ìwé yìí, kó lè rọrùn lẹ́nu. Ó ní ọ̀rọ̀ dókítà kò dun òun tó ọ̀rọ̀ ilé. "Ìyá ọkọ mi ní mo kẹ́ ọmọ bàjẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ká gbé e lọ sórí òkè. Bàbá rẹ̀ alára, tí gbogbo ẹ̀ bá ti sú u, á ní ṣé ọmọ tiwa nìkan ló ní etí ni. Mo mọ ohun tó ń ṣe ọmọ mi, mi ò kàn mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ọ́kọ, ẹ bá mi kọ ọ́, kí n lè kà á sétí wọn."

Ohun tí a jókòó ṣe nìyẹn. A béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, a sì ka ìwé. Nítorí náà, ẹ̀yin Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni a ń bá sọ̀rọ̀. Kí àwọn ìyókù jọ̀ọ́ máa bá wa gbọ́ ọ.

Jẹnẹrétọ̀ àti mẹ́gáàdì

Màmá, ẹ jẹ́ kí a ti orí jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní àdúgbò wa, bí iná bá lọ lálẹ́, ilé mẹ́wàá á tan jẹnẹrétọ̀ mẹ́wàá. Kò ní pẹ́ tí a ò fi ní gbọ́ ọ mọ́. A ó máa sọ̀rọ̀, a ó máa jẹun, ẹlòmíràn á tilẹ̀ sùn, á máa hanrun. Ìgbà wo ni a máa ń mọ̀ pé ó ti ń pariwo? Ìgbà tí iná bá dé, tí gbogbo wọn kú lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ara á kàn tù wá pẹ̀sẹ̀, bí ẹni gbé ẹrù kalẹ̀, ẹrù tí a kò mọ̀ pé a rù. Etí wa ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà yẹn wá. Ọpọlọ wa ló ní kó dúró síta, pé kì í ṣe àlejò pàtàkì. Bí mẹ́gáàdì ẹnu géètì ni ọpọlọ ènìyàn ṣe rí: ohùn ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀, ó jẹ́ kó wọlé, jẹnẹrétọ̀, fèrè kéké, rédíò aládùúgbò, ó dá wọn padà.

Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ọlọ́tísíìmù, mẹ́gáàdì yìí kì í dá ẹnikẹ́ni padà. Gbogbo wọn ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tí ó kéré nínú wọn. Kì í ṣe àròsọ. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ọpọlọ àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ariwo ọkọ̀ ojú títì, tí wọ́n sì ń fi aṣọ onírun tó ń yún ni kàn wọ́n lára. Ọpọlọ àwọn ọmọ yòókù ta gìrì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó gbàgbé rẹ̀. Ti àwọn ọmọ ọlọ́tísíìmù tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń dà láàmú kò gbàgbé. Bó ṣe ta gìrì ní ẹ̀ẹ̀kíní, bẹ́ẹ̀ ló ń ta gìrì lọ.

Ṣé ó yé wa? Jẹnẹrétọ̀ tí a ti gbàgbé láti aago méje alẹ́, tuntun ni létí ọmọ náà títí di aago mẹ́wàá.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ tún gbọ́ èyí. Ẹ ń ka owó ọjà, ẹ ti kà á dé ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógójì náírà. Oníbàárà kan ní "Èló lata yìí?" Fóònù ń dún. Ọmọ ń fa ìró yín. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ń pe "Ìyànà-Ìpájà! Ìyànà-Ìpájà!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí yín. Ẹnìkan tún dé, ó ń kí yín tìdílé-tìdílé. Kí lẹ máa ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa á jágbe pé, "Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ n kàwó mi!" Àgbàlagbà tó lẹ́nu ló jágbe yẹn o, ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n sì fi dà á láàmú. Ọmọ yín tí kò tíì lè to ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀, tí ó wà nínú irú rẹ̀ láti òwúrọ̀, òun náà jágbe. Kò kàn sí ọ̀rọ̀ nínú igbe tirẹ̀ ni.

Ìyẹn jẹ́ ìdàrúdàpọ̀. Ṣùgbọ́n ìrora náà wà níbẹ̀, òun ni ó sì ṣòro fún ará ilé láti gbà. Ẹ rántí bí ata gbígbẹ bá jábọ́ sínú iná nínú ilé ìdáná. Ta ló ń kọ́ ẹnikẹ́ni láti sá jáde? Tàgbà-tọmọdé ló ń húkọ́, olúkúlùkù ń wá ẹnu ọ̀nà. Ká wá ní ẹnìkan di yín mú lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ní, "Ẹ padà lọ jókòó, ṣé ẹ ò rí i pé àwọn yòókù jókòó ni?" Bí a ṣe ń di ọmọ náà mú nìyẹn nígbà tó ń sá fún ariwo. Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Temple Grandin, tí wọ́n bí ní 1947. Ọlọ́tísíìmù ni, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ní kékeré, ṣùgbọ́n ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹran ọ̀sìn ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Colorado. Nígbà tó dàgbà tó lè ṣàlàyé, ó ní ariwo ńlá nígbà tí òun wà ní kékeré dà bí ìgbà tí dókítà eyín ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ni léyín tí ó sì kan iṣan. Ẹni tó bá ti jókòó sórí àga yẹn rí yóò mọ ohun tó ń sọ.

Kì í ṣe etí nìkan. Gílóòbù gígùn funfun tó ń ṣẹ́jú pìpìpì, tí àwa kò kà sí nǹkan kan, lè máa gún ẹlòmíràn lójú. Òórùn pańla tí a ń tà lójúmọ́ lè lé e kúrò ní ìsọ̀. Nọ́ḿbà kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, yúnífọ́ọ̀mù tí a fi ṣíṣítáàṣì gún gbagidi, okùn bàǹtẹ́. Màmá, ọ̀rọ̀ léèsì tí ẹ rà fún un nítorí ìkómọjáde nìyí. Ìyá rẹ̀ ròyìn rẹ̀ fún wa. Ẹ fi owó gidi rà á, ẹ fi ìfẹ́ rán an, ọmọ sì fà á ya lójú àwọn àna. Ó dùn yín, ó sì yẹ kó dùn yín. Ṣùgbọ́n bí ẹni pé wọ́n fi wèrèpè ra á lára ni aṣọ náà rí fún un. Ẹni tí wèrèpè bá ń jẹ kì í dúró kí ó mọ iye tí wọ́n ra aṣọ.

Dúrọ́ọ̀mù omi

Ohun tó ń jẹ́ kí ará ilé rò pé ẹ̀tàn ni ni pé, lọ́jọ́ mìíràn, nǹkan kékeré ló ń fà á. "Mo kàn ní kó wá jẹun ni, ló bá bú sígbe." Ẹ fi ojú dúrọ́ọ̀mù wò ó. Fèrè kéké àárọ̀ da ife omi kan sínú rẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù da ife kan. Agogo ilé-ìwé, korobá kan. Ariwo àwọn ọmọ kíláàsì, korobá méjì. Oòrùn, eruku, èrò inú ọkọ̀. Nígbà tó fi máa délé, omi ti dé ẹnu dúrọ́ọ̀mù pátápátá, ó kún àkúnfàya. Ẹ̀yin wá pè é wá jẹun, ìkán omi kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ sì ya sílẹ̀. Ìpè oúnjẹ kọ́ ló fà á. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní ibì kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ó sì figbe ta níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ibẹ̀ kò yí padà, omi inú dúrọ́ọ̀mù ni kò dọ́gba.

Bàbá ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wa tó mú ọgbọ́n dání. Ó ní, "Ọmọ yìí kan náà ló ń fi ṣíbí lu ìkòkò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé ìkòkò kì í pariwo ni?" Ẹ má rò pé òun ló kọ́kọ́ rí i. Ní 1943, dókítà kan tó ń jẹ́ Leo Kanner ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà kọ ìwé lórí ọmọ 11, ìwé yẹn ni ó jẹ́ kí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí mọ ọ́tísíìmù. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọ náà máa ń bẹ̀rù ariwo àti ohun tó ń yí: ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, omi ẹ̀rọ tó ń ya, kódà afẹ́fẹ́ lásán nígbà mìíràn. Ó sì kọ ọ́ pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ lè pa ariwo tó tó bẹ́ẹ̀, kí inú rẹ̀ sì máa dùn sí i. Ẹni tó ń gún iyán, ariwo odó kì í dà á láàmú bí ó ṣe ń da ẹni tó sùn ní yàrá kejì láàmú. Ẹni tó mú ọmọ odó lọ́wọ́ mọ ìgbà tó máa dún. Ariwo tiwa ń já lu ọmọ náà ni.

Ti pé ó lè jẹ́ àgídí ńkọ́? Ọmọ ni ọmọ, ọmọ ọlọ́tísíìmù náà lè ṣagídí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ṣagídí máa ń wojú ẹni. Ó ń sunkún, ó sì ń yọjú wò ó bóyá ẹ ń wò. Bí ẹ bá fún un ní bísíkíìtì tó ń bèèrè, ẹkún tán. Èyí tí a ń sọ yìí, bísíkíìtì kò ní nǹkan án ṣe sí i. Kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń wo òun, ó lè fi ara pa, kò sì lè dá ara rẹ̀ dúró ju bí ẹni tó ń sín ṣe lè dá sísín dúró lọ. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ pariwo rárá. Wọ́n á kàn dákẹ́, ojú wọn á ranjú, ẹ ó pè wọ́n wọn ò ní dáhùn, àwọn èèyàn á ní wọ́n ń ṣe fújà.

Ó tún yẹ kí a sọ pé ti ẹlòmíràn nínú wọn dojú kọ ibòmíràn. Ohun tó ń dun àwa kì í tètè dùn wọ́n: ọmọ lè fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná kó má mọ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ ṣọ́ wọn nídìí iná. Ọmọ kan náà lè ní méjèèjì lára, etí tó gbọ́ jù àti ọwọ́ tí kò gbọ́ tó.

Ẹ̀bi ta ni?

A kò fẹ́ pẹ́ níbí. Ní 1967, Bruno Bettelheim kọ ìwé kan ní Amẹ́ríkà tó di ẹ̀bi ru àwọn ìyá, pé àìfẹ́ràn ọmọ ló ń fa ọ́tísíìmù. Ọ̀pọ̀ ìyá ló sunkún nítorí irú ọ̀rọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni. Bernard Rimland, tí òun náà bí ọmọ ọlọ́tísíìmù, ti kọ ìwé ní 1964 láti fi hàn pé láti inú ara àti ọpọlọ ni ó ti wá, ìmọ̀ òde òní sì ti ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ń bí i mọ́ ènìyàn ni. Àkẹ́bàjẹ́ kì í fà á, ayé kì í fi ṣe ni, kì í sì í ṣe àìsàn òyìnbó. Ní 1978 onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Victor Lotter tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ó rí ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ fún ọdún 2021 pé nínú èèyàn 127, ọ̀kan ní in. Ẹ ka iye àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́, kí ẹ ka ọmọ àti ọmọ-ọmọ wa kún un.

Ẹ̀yin Màmá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ìtàn kan fún wa kí a tó dìde lọ́jọ́ náà, ẹ sì gbà kí a kọ ọ́. Ẹ ní ẹ ní àbúrò kan ní abúlé nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé. Lọ́dún egúngún, bí bàtá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí dún, wọ́n á wá a tì. Inú àká ni wọ́n ti máa ń rí i, ó ti fi ewé di etí rẹ̀ méjèèjì, ó ká jọ bí òkété. Ẹgba ni wọ́n fi ń mú un jáde kó lè wá jó bí ọmọ ọkùnrin. Ẹ ní, "A rò pé ojo ni." Lẹ́yìn náà ẹ kò sọ nǹkan mìíràn mọ́, àwa náà kò bi yín.

Ní ti òkè, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ nínú wa nínú ẹgbẹ́ yìí ni kì í sùn kí á má gbàdúrà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìṣọ́ òru tó ní ìlù, tó ní gbohùngbohùn mẹ́rin, tí èèyàn ogún di ọmọ mú tí wọ́n ń pariwo lé e lórí, ata ni wọ́n ń fi sí i lójú. Kí ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà fún un gbà á jẹ́jẹ́. Ọlọ́run ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ má sì fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó máa dè é. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, ní ilé ìjọsìn, nílé oníṣègùn, kódà ní ibi tí ó jẹ́ ti ìjọba.

Nígbà tó bá dé

Kí ni kí ará ilé ṣe nígbà tí dúrọ́ọ̀mù bá ya? Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ni kí a dín nǹkan kù, ká má fi kún un. Àwa a máa fi kún un. A ó máa bi í pé "Kí ló dé? Kí ló ṣe ọ́? Ṣé inú ń run ọ́ ni?", èèyàn mẹ́fà á pé lé e lórí, gbogbo wọn lá sì máa sọ̀rọ̀. Ẹ pa rédíò. Ẹ jẹ́ kí èrò tú. Ẹ mú un lọ sí yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀, tàbí ẹ̀yìnkùlé, tàbí inú ọkọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, bí kò bá sí oòrùn lórí rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó dúró tì í. Ẹ má fọwọ́ kàn án láti ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rí yín. Bó bá ń fi orí lu nǹkan, ẹ fi ìrọ̀rí tàbí ọwọ́ yín sáàárín, ẹ má bá a jà. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Ó lè gba ogún ìṣẹ́jú, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Bó bá tán, ó máa ń rẹ̀ wọ́n bí ẹni roko ìdájọ́. Ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ má pè é wá jẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n ó sàn kí a dín omi inú dúrọ́ọ̀mù kù kí ó tó kún. Ìyá ọmọ náà ti mọ àmì rẹ̀: bó bá ń rìn ní orí ìka ẹsẹ̀ lọ-bọ̀ tí ó sì ń fi ọwọ́ rẹ̀ jù fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀, ó ku díẹ̀. Aago méje àárọ̀ ló máa ń mú un lọ sọ́jà báyìí, kí èrò tó dé. Ó gé gbogbo nọ́ḿbà ọrùn aṣọ rẹ̀ dànù. Ó sì ra ìbotí fún un, irú èyí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì ńlá máa ń fi bo etí. Ẹ ó rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́. Bó bá dé e, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Màmá, ohun kan wà tí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí, kì í ṣe dókítà. Ìyá rẹ̀ ní lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ lórí páànù, tí ọmọ náà ń ké, ẹ gbé e pọ̀n, ẹ fi ọ̀já gbà á le dan-in dan-in, ọmọ ọdún mẹ́fà, gbogbo gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ sì ń rìn nínú yàrá títí ó fi sùn. Ẹ̀yìn ń dùn yín títí di ọjọ́ kejì. Ẹ gbọ́ nǹkan: nígbà tí Temple Grandin tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà ní ọmọ ọdún 18, ó rí i ní oko màlúù àǹtí rẹ̀ kan pé bí wọ́n bá fi pákó fún màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ máa ń balẹ̀. Ó bá kan ẹ̀rọ onípákó tirẹ̀, tó ń wọ inú rẹ̀ kí ó lè fún un lára nígbà tí gbogbo nǹkan bá kún un. Ọ̀já yín ni òun fi pákó ṣe. Kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ ìfúnni o, ti ẹlòmíràn bí ẹ bá fọwọ́ kàn án ẹ dá kún un ni. Ti ọmọ-ọmọ yín, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ̀já gbígbà, kí ẹ̀yìn yín lè sinmi.

Àwa ọlọ́jà ńkọ́? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ National Autistic Society gbé fíìmù kékeré kan jáde ní 2016 tó fi ojú ọmọ hàn wá bí ilé ìtajà ṣe rí fún un, pẹ̀lú gbogbo ariwo àti iná rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2017, ẹgbẹ̀ẹgbẹ̀rún ilé ìtajà níbẹ̀ gbà láti pa orin, kí wọ́n sì dín iná kù fún wákàtí kan, kí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ àti ìyá wọn lè rí ọjà rà. Àwa ò lè pa ọjà Ayọ̀bọ̀ lẹ́nu mọ́. Ta ló máa sọ fún ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn eku? (Bẹ́ẹ̀ òfin ariwo wà: ìdíwọ̀n àjọ LASEPA fún ibi tí èèyàn ń gbé jẹ́ dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án, 45 lóru.) Ṣùgbọ́n rédíò orí ìsọ̀ ẹni wà níkàáwọ́ ẹni. Bí ẹ bá rí ọmọ tó di etí níwájú ọjà yín, ẹ yí i wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì tètè fún ìyá rẹ̀ ní ṣéńjì.

Ẹni tó bá fura sí ọmọ tirẹ̀, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé. LASUTH wà ní Ìkẹjà, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá sì ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Òṣòdì. Kí orúkọ Yábàá má dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, kò túmọ̀ sí pé ọmọ ya wèrè. Ilé-ìwé tó wà fún wọn wà, bíi Patrick Speech and Languages Centre tí Dotun Akande dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2006, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láti fi ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán sọ ohun tó ń ṣe é. Owó wà nínú rẹ̀, a kò ní purọ́, ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi gbà pé kí ẹ̀yáwó owó ilé-ìwé ka irú èyí mọ́ ara rẹ̀. Kò sí oògùn tó ń wo ọ́tísíìmù sàn. Ẹni tó bá ní òun ní in nínú ìgò, owó yín ló ń wá. Òfin náà sì wà: ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011, tó dá àjọ LASODA sílẹ̀, àti ti ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019, pé a kò gbọdọ̀ fi àbùkù ara lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ó bá àwa ìgbìmọ̀ wí pẹ̀lú, lórí ọ̀rọ̀ máíkì ọjọ́ náà.

Ìyá ọmọ náà ti gbà láti wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, Màmá sì ní àwọn yóò tẹ̀ lé e. A ti ra wáyà gígùn, jẹnẹrétọ̀ yóò wà lẹ́yìn ògiri kejì. Akọ̀wé ti gbé máíkì lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Bí inú wa bá dùn sí ohun tí akápò sọ, ọwọ́ ni ká gbé sókè, ká má pàtẹ́wọ́; orin á dúró di ìgbà tí ọmọ bá ti lọ. A fi bẹ́ǹṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé báàgì lé e.